Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, búùkù kan, etí méjì: iṣẹ́ onílàjà fún ọ̀dọ́ ìjọ n'Ìkòròdú

Tí ọlidé gígùn bá ti wọlé, ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ n'Ìkòròdú máa ń ní nílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ni ìpàgọ́ ọjọ́ mẹ́ta, ìdíje orin, àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n á gbá títí wọ́n á fi bá ara wọn jà. Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Àmọ́ ìparí oṣù keje sí ìparí oṣù kẹsàn-án tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ dáadáa, àwọn ọmọ yunifásítì àti pólì tó wà nílé kì í sì í rí nǹkan gidi ṣe. Ọ̀dọ́ márùn-ún tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn jókòó ti iṣẹ́ ìlàjà lè parí aáwọ̀ mẹ́fà tàbí méje ládùúgbò, àwọn aáwọ̀ kéékèèké tó máa ń di ogun tí wọn ò bá rẹ́ni bá wọn dá sí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò nínú Mátíù 5:9. Kò pe àwọn tó fẹ́ràn àlàáfíà ní alábùkún fún. Onílàjà ló kọ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn àlàáfíà lè tilẹ̀kùn mọ́rí kó máa gbádùn tirẹ̀. Onílàjà ní láti wọ àárín ẹni méjì tó ń jà, ẹ̀ṣẹ́ sì lè bà á ńbẹ̀.

Àwọn ìjọ kan lókè òkun ti mọ iṣẹ́ yìí mọ́ àsìkò ìsinmi. Àwọn Mennonite, Quaker àti Church of the Brethren, tí wọ́n ti ń kọ̀ láti jagun láti ayébáyé, máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ síbi iṣẹ́ ìránṣẹ́ nígbà ooru kí wọ́n tó padà sí kíláàsì. Nílé wa níbí náà, Brethren yìí ló bẹ̀rẹ̀ ìjọ tó di EYN (Ekklesiyar Yan'uwa a Nigeria) ní Garkida ní 1923. Ní Kaduna, Pásítọ̀ James Wuye tó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú ìjà ẹ̀sìn ọdún 1992, àti Ìmáàmù Muhammad Ashafa tí ìjà kan náà pa olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ méjì, jùmọ̀ dá iléeṣẹ́ ìlàjà sílẹ̀ ní 1995. Ní Liberia, kí Leymah Gbowee tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló kọ́kọ́ lọ ṣe nínú ètò ìtọ́jú ọkàn tí ìjọ Lutheran ní ní Monrovia. Ibi kékeré báyìí ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré àwọn ọmọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú búùkù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọ̀dọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Ìjọ tó bá kó ogún èèyàn jọ ti sọ ọ́ di òde: wọ́n á dá aṣọ, wọ́n á ya fọ́tò, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn mẹ́rin náà ló máa kù. Kí ẹni tó kéré jù pé ọmọ ọdún 18. Kí obìnrin wà ńbẹ̀ tó bí ọkùnrin ṣe wà, torí ọ̀rọ̀ wà tí ìyàwó ilé ò ní sọ lójú ọmọkùnrin láéláé. Tí ẹ bá rí ẹnìkan tó gbọ́ Ẹ̀gùn tàbí Ìlàjẹ, ẹ dì í mú. Apẹja pọ̀ létí ọ̀sà lápá Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ́, ẹni tó bá ń fi èdè tí kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu rojọ́ máa ń jẹ̀bi kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Owó ọkọ̀ ló máa ń pa irú ètò yìí. Ẹ ṣírò ó kí ẹ tó kéde nínú ìjọ: ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìrìn 32 nìyẹn fún ẹnìkan, lọ àti bọ̀. Fún èèyàn márùn-ún, 160. Ẹ mú iye tí ọkọ̀ ń gbà láti àdúgbò yín dé Ìkòròdú lónìí, lọ àti bọ̀, ẹ fi 160 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tún fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lé e lórí, nítorí epo ò mọ̀ pé ìjọ ti kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Tí owó náà ò bá sí, ẹ dín ọjọ́ kù sí méjì lọ́sẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ wọkọ̀ ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba "owó omi" lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́, tó bá sì ti gbà á, ìlàjà ti kú nìyẹn.

Lẹ́yìn owó, lẹ́tà. Mẹ́ta ni: ọ̀kan fún baálẹ̀, ọ̀kan fún alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ọ̀kan fún DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín. Kí orúkọ àwọn ọ̀dọ́ náà wà ńbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa parí, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àti nọ́ńbà àgbà ìjọ tó ń bójú tó wọn. Ẹ̀dà méjì méjì, kí wọ́n buwọ́ lu ìkejì, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí ẹ mú un padà bọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú ní ìjọba ìdàgbàsókè (LCDA) márùn-ún lára, ìyẹn Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Báyékù, Ìmọ̀ta àti Ìjẹ̀dẹ́, ẹ sì ní láti mọ èyí tí àdúgbò yín wà lábẹ́ rẹ̀ kí lẹ́tà má baà lọ sọnù sí ọ́fíìsì ẹlòmíì. Ẹ má fojú kékeré wo lẹ́tà yìí o. N'Ìkòròdú, ọmọ tí wọn ò mọ̀ rí tó ń káàkiri pẹ̀lú búùkù, tó ń béèrè ta ló ni ilé yìí, ta ló ni ilẹ̀ yẹn, ajàgùngbalẹ̀ ni wọ́n máa kà á sí. Wọ́n lè lù ú kó tó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n má gba ẹjọ́ kankan. Ẹ̀kọ́ ni. Àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà ni gbígbọ́, èyí tí gbogbo èèyàn rò pé àwọn mọ̀. Ẹ pín wọn ní méjì méjì. Ẹnìkan á sọ ohun kan tó dùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èkejì ò ní sọ nǹkan kan: kò sí "Ọlọ́run á ṣe é", kò sí "irú ẹ̀ ṣe bùrọ̀dá mi náà". Lẹ́yìn náà á wá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún padà títí ẹni tó ni ín á fi sọ pé, "Ẹn-ẹ́n, bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa ń yege. Àwọn ọmọ ìjọ ló máa ń nira fún jù, torí wọ́n ti kọ́ wọn láti kékeré pé bí èèyàn bá ti sọ ìṣòro, àdúrà ló kàn. Àdúrà dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Ìkejì ni kíkọ nǹkan sílẹ̀. Kí wọ́n ra búùkù ẹlẹ́yìn líle, ẹnìkan búùkù kan, kí wọ́n fi rúlà la ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí méjì. Apá òsì, "ohun tó rí". Apá ọ̀tún, "ohun tó gbọ́". Tí ìyá kan bá ní, "Ó da omi ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú," ẹ béèrè: "Mọ́mì, ẹ wà ńbẹ̀?" Tó bá jẹ́ pé ọmọ ọ̀gbà ló wá sọ fún un, apá ọ̀tún ló ń lọ. Ẹ máa yà yín lẹ́nu bí apá òsì ṣe máa ń ṣófo tó nínú ìjà tó ti tó ọdún kan. Kí wọ́n má kọ orúkọ sínú búùkù yìí rárá, nọ́ńbà ni. Ìwé kan ṣoṣo tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, lọ́wọ́ àgbà tó ń bójú tó wọn. Lát' ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni, òfin náà sì mọ́ ìjọ.

Ibi tí àṣírí ti máa ń jò jù lọ, kí n kúkú sọ ọ́, ni kókó àdúrà. "Ẹ jẹ́ ká gbé arábìnrin wa kan sókè, ọkọ rẹ̀ kì í sùn sílé, ilé wọn wà lẹ́yìn Sábó." Gbogbo ìjọ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́ tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, kó kúrò nínú ètò náà. Kò sí ìkìlọ̀ kejì.

Ìkẹta ni kóòtù. Ilé-ẹjọ́ Májísíréètì wà n'Ìkòròdú, gbangba sì ni wọ́n ti ń gbẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé jókòó. Kí wọ́n dé kó tó di aago mẹ́sàn-án, kí wọ́n múra bí ẹni ń lọ sọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n dìde tí adájọ́ bá wọlé. Kí wọ́n má gba ohùn, kí wọ́n má ya fọ́tò. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí wọ́n lò ńbẹ̀, kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta nípa ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan: irú ẹjọ́ wo ni, ṣé wọ́n gbọ́ ọ tàbí wọ́n sún un síwájú, kí ló fà á tí wọ́n fi sún un. Agbẹjọ́rò ò wá. Ẹlẹ́rìí ò wá. Ọlọ́pàá ò mú fáìlì wá. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n á ti mọ ìdí tí ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà fi jẹ́ ẹni tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́. Wọ́n á tún mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, tí wọ́n bá wo ojú àwọn tó ń jáde.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba aáwọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó wọ́pọ̀ jù, ká wò ó fínnífínní: owó iná nínú ilé tí yàrá mẹ́rin ti ń lo mítà kan.

Wọ́n ń dá owó dọ́gba, ₦2,500 ẹnìkọ̀ọ̀kan, láti ra ₦10,000. Ẹnìkan nínú wọn ní fírísà, ó ń ta yìnyín àti omi tútù. Àwọn mẹ́ta tó kù ń bínú. Èyí tó ní fírísà ní ìlara ni. Wọ́n ti yọ wáyà ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Pásítọ̀ ti wá, ó ti gbàdúrà, ó ti ní kí wọ́n dárí ji ara wọn, wọ́n ti ṣe àmín. Ọjọ́ tí iná tán, ìjà padà. Ó gbọ́dọ̀ padà: wọ́n bẹ àwọn mẹ́ta náà kí wọ́n máa san owó ọjà ẹlòmíì pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣe rèé. Kí méjì nínú wọn wọ yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, kí wọ́n kọ nǹkan tó ń lo iná sílẹ̀, wáàtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti wákàtí tó ń lò lójúmọ́, kí wọ́n sì fi wákàtí sọ wáàtì di púpọ̀. Gílóòbù méjì oníwáàtì 10 fún wákàtí 5 jẹ́ 100. Fáànù oníwáàtì 60 fún wákàtí 8 jẹ́ 480. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80 fún wákàtí 4 jẹ́ 320. Àpapọ̀ rẹ̀ fún yàrá kan, 900. Yàrá kẹrin ní gbogbo èyí pẹ̀lú fírísà oníwáàtì 200. Fírísà kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ a máa sinmi. Tí iná bá wà fún wákàtí 16, ẹ fojú bu wákàtí 8 fún un. 1,600 nìyẹn. Yàrá kẹrin wá di 2,500. Yàrá mẹ́ta yòókù jẹ́ 2,700. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, 5,200. Nínú ₦10,000, yàrá onífírísà yẹ kó san nǹkan bíi ₦4,800, àwọn yòókù nǹkan bíi ₦1,730 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kí owó má baà ní ṣẹ́ńjì, ẹ lè fi í sí ₦4,750 àti ₦1,750.

Kí wọ́n ṣe ìṣirò náà lójú gbogbo wọn, lórí páálí ńlá, kí onífírísà fúnra rẹ̀ ka wáàtì tó wà lẹ́yìn fírísà rẹ̀. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Èèyàn lè bá ọmọ ìjọ jiyàn; kò lè bá nọ́ńbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ kà jiyàn. Wọ́n sì lè rí i pé ẹni tí wọ́n ń pè ní olè ò mọ̀ pé òun ń jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìdáríjì á wá rọrùn nígbà náà, torí ó ti mọ ohun tó ń dárí jì.

Bí wọ́n ṣe ń jókòó náà ní ọgbọ́n nínú. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú ọ́fíìsì pásítọ̀, pàápàá tí ẹnìkan nínú wọn bá jẹ́ Mùsùlùmí. Kíláàsì ilé-ìwé dáa, gbọ̀ngán CDA náà dáa. Ẹ to àga yípo, ẹ má fi tábìlì sáàárín, ẹ má fi àwọn méjèèjì kọjú síra gbọnrangandan. Kí àgbà tó ti dàgbà jù wọ́n lọ ló darí ìjókòó. Ọmọ ogún ọdún ò lè sọ fún bàbá ẹni ọgọ́ta pé "ẹ dákẹ́", kò sì yẹ kó sọ ọ́. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni kó ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ṣáájú, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì wà ńbẹ̀ tó ń kọ àdéhùn. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni; torí náà iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò lọ́dọ̀ ẹnìkan, kí wọ́n lo iye kan náà lọ́dọ̀ èkejì, kí wọ́n má jẹun ní ilé ìkankan nínú wọn. Iṣu, ẹyin, adìẹ, gbogbo rẹ̀: "Ẹ ṣeun mà, tí ọ̀rọ̀ yìí bá parí, a máa wá jẹ ẹ́."

Àdéhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn lè fi ojú rí pé ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ. "Wọ́n ti gbà láti máa gbé ní ìrẹ́pọ̀" kì í ṣe àdéhùn, ìkíni ọdún tuntun ni. "Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, yàrá kẹrin á máa san ₦4,750 nínú gbogbo ₦10,000 tí a bá fi ra iná, tí ẹnikẹ́ni bá ra nǹkan tuntun tó ń lo iná púpọ̀, a máa tún ìṣirò ṣe láàárín ọjọ́ méje, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà ẹlòmíì" ni àdéhùn. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́. Ẹ̀dà mẹ́ta, ẹlẹ́rìí méjì, déètì. Tí ẹnìkan ò bá mọ̀wé, ẹ kà á fún un, ẹ túmọ̀ rẹ̀ yé e kó tó tẹ ìka, kí ẹni tó kọ ìwé náà sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sísàlẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kà á, òun sì túmọ̀ rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ló béèrè fún èyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ̀. Ìwé tí kò ní in lè di pépà lásán lójú adájọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tó ju agbára wọn lọ, àmọ́ tí wọ́n lè fi ọ̀nà han èèyàn. Gbèsè: Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ò gba ọlọ́pàá láyè láti mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀, kò sì gbà wọ́n láyè láti mú ìyá tàbí àbúrò dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè lọ sí kóòtù gbèsè kéékèèké tó wà lábẹ́ Májísíréètì l'Ékòó láti 2018, tí owó náà ò bá ti ju mílíọ̀nù ₦5 lọ. Ilé: lábẹ́ Òfin Ayálégbé ọdún 2011, tí àdéhùn ilé ò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdún ní ẹ̀tọ́ sí kúìtì nóòtísì oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san oṣooṣù, oṣù kan, lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì ku nóòtísì ọjọ́ méje kí onílé tó gba kóòtù lọ. Kò sí ibi tí òfin ti ní kó yọ páànù orí ilé tàbí kó ti ilẹ̀kùn ayálégbé pa. Kí wọ́n ní ẹ̀dà òfin tó wà lóde báyìí lọ́wọ́, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ látorí. Citizens' Mediation Centre, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó nílò agbẹjọ́rò ò lówó, Office of the Public Defender wà, ọ̀fẹ́ náà ni.

Tí wọ́n bá pè yín pé ọlọ́pàá ti mú ọmọ àdúgbò kan, kí ọ̀dọ́ má dá lọ. Kí àgbà kan bá a lọ, kí wọ́n sì béèrè nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ̀sùn wo ni, aago mélòó ni wọ́n mú un, ta ni ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí. Ìwé òfin Nàìjíríà, abala 35, sọ pé tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, kí wọ́n gbé èèyàn dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Kò síbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí kóòtù n'Ìkòròdú. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ṣe pàtàkì: ọmọ tó bá wọ àgọ́ ọlọ́pàá tó ń ka abala òfin bí ẹni ń ka Sáàmù lè sùn síbẹ̀.

Ilẹ̀ wá ni gbajúgbajà. Ó wù mí kí àwọn ọ̀dọ́ jìnnà sí i pátápátá, àmọ́ n'Ìkòròdú ìyẹn ò ṣeé ṣe. Nítorí náà, ìwé nìkan ni kí wọ́n bá èèyàn tò: rìsíìtì, ìwé àdéhùn rírà, ìwé ìwọnlẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà òkúta ààlà. Tí wọ́n bá tò ó tán, agbẹjọ́rò ló kàn. Kí wọ́n má tẹ ilẹ̀ tí àwọn ajàgùngbalẹ̀ ń ṣọ́, kódà kí ẹni tó ni ín máa sunkún. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin ọdún 2016 sọ ọ́ di ọ̀ràn láti fipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ó sì ní ìkọ̀ kan nídìí iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni kí wọ́n darí rẹ̀ sí.

Èyí tí a kì í làjà rẹ̀ rárá: ìfipábánilòpọ̀, àti ìlùkulù tí ọkọ ń lu ìyàwó. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi àwọn méjèèjì jókòó. Àwọn ẹbí máa ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé," wọ́n tiẹ̀ máa mú owó wá. Ọ̀ràn ni, kì í ṣe aáwọ̀, ẹni tó bá sì gbowó bò ó mọ́lẹ̀ ti di ara ọ̀ràn náà. Kí wọ́n mú ẹni tí wọ́n ṣe é sí dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV ò wúlò mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kó má wẹ̀ ṣáájú. Kí wọ́n má fọ aṣọ tó wọ̀. Inú àpò bébà ni kí wọ́n kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá máa ń mú un bu. Mirabel Centre, tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wà nínú LASUTH, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó n'Ìkẹjà, láti 2013, wọn kì í gbowó. Ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí i ni DSVA (Domestic and Sexual Violence Agency), ẹ sì lè pe 112 tàbí 767 tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Tí ẹ̀sùn náà bá kan aṣáájú ìjọ, ìlànà kan náà ni, láìyọ lẹ́tà kan.

Ìyókù, ariwo àwùjọ. Ní 2017, nígbà tí ẹ̀rù Badoo, ẹgbẹ́ apànìyàn tó ń wọlé pa èèyàn lóru, gba gbogbo Ìkòròdú, àwọn èrò pa àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ torí ẹnìkan kàn nawọ́ sí wọn. Ọ̀dọ́ lè ṣe ohun kan nípa èyí: kí wọ́n bá CDA àti àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n á ṣe sílẹ̀ tí wọ́n bá mú ẹni tí wọ́n fura sí, ta ló máa pe ọlọ́pàá, nọ́ńbà wo, ibo ni wọ́n máa fi í sí láàárín ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 20 yẹn ni wọ́n fi ń pa èèyàn. Ọ̀rọ̀ Orò náà ń bẹ. Kí àwọn ọ̀dọ́ wá déètì àti wákàtí rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n fi tó ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, nọ́ọ̀sì àti ọlọ́jà létí. Ìbéèrè ẹ̀tọ́ obìnrin láti rìn, tó wà ní abala 41 ìwé òfin, ìbéèrè gidi ni, àmọ́ àwọn àgbà ìjọ ló yẹ kó gbé e lọ bá ọba. Ẹ má rán ọmọ ènìyàn lọ sí ìgbàlẹ̀ kó lọ máa ṣàròyé.

Kí wọ́n sì wo ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ tiwọn. Òṣùwọ̀n ariwo fún àdúgbò ibùgbé l'Ékòó jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lálẹ́. Áàpù ọ̀fẹ́ lórí fóònù lè wọ̀n ọ́n; kò pé bí ti ìjọba, àmọ́ tó bá fi 80 hàn lẹ́nu géètì aládùúgbò ní aago kan òru, ẹ mọ̀ pé kò sí àríyànjiyàn. Ẹ yí ojú sípíkà sínú, ẹ gbé e sókè kó kọjú sísàlẹ̀, ẹ pa ti ìta lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Ìjọ tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó má tíì rán ẹnikẹ́ni lọ làjà.

Tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí wọ́n dẹ́kun gbígba ẹjọ́ tuntun, bó ti wù kí ẹni tó mú un wá máa bẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ keje, àárín ọ̀nà ló máa wà nígbà tí iléèwé bá wọlé, ẹni tó ti tú inú rẹ̀ síta á wá rí i pé kò sẹ́nì kankan mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà àti keje, kí wọ́n padà lọ sílé gbogbo ẹni tó ti ṣàdéhùn, kí wọ́n béèrè ẹyọ kan: "Ṣé wọ́n ń ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́?" Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kí wọ́n kó búùkù gbogbo fún àgbà tó ń bójú tó wọn, kí wọ́n pa fọ́tò àti ohùn tó bá wà lórí fóònù wọn rẹ́ lójú rẹ̀, kí wọ́n kọ àtòjọ ẹjọ́ tí kò tíì parí pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ wọn, kí onítọ̀hún sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àgbà náà.